Ta ló lè tú ohun tí òun kò so? Ìgbéyàwó ní ìpínlẹ̀ kan, ìkọ̀sílẹ̀ ní òmíràn

Olùbéèrè

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀ràn òfin, ẹ bá mi dá sí i. Ọjọ́ 26 oṣù kẹfà ọdún 2015 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà ti dájọ́ nínú ẹjọ́ Obergefell pé ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, obìnrin lè fẹ́ obìnrin, ní gbogbo ìpínlẹ̀. Ní 2022, Biden tún buwọ́ lu òfin mìíràn tó dáàbò bo irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ lé e lórí. Kí ló wá kù? Síbẹ̀ àwọn lọ́yà ṣì ń kìlọ̀ fún àwọn tó fẹ́ ara wọn báyìí pé kí wọ́n ṣọ́ra bí wọ́n bá ń kó láti ìpínlẹ̀ kan lọ sí òmíràn, pàápàá bí wọ́n bá fẹ́ kọ ara wọn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti parí, owó ni wọ́n ń wá. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí tó ta kò mí, kó kó o sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wàásù fún mi o. Òfin ni mo béèrè.

———

Akọ̀wé_Kóòtù

Pé lọ́yà ń wá owó, a kò bá ọ jiyàn, àbúrò. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé lò ń wò, o kò tíì wo èyí tí wọ́n máa gbà jáde.

Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ẹni méjì bá lọ gba ìwé ìgbéyàwó, kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń gbé. Wọ́n á fi káàdì ìdánimọ̀ hàn, wọ́n á san owó ìwé, ó tán. Ìkọ̀sílẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Kóòtù kò ní gbọ́ ẹjọ́ náà àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá ti gbé ìpínlẹ̀ yẹn fún iye ìgbà tí òfin ibẹ̀ là sílẹ̀. Texas ń béèrè oṣù 6 ní ìpínlẹ̀ àti ọjọ́ 90 ní káúńtì (agbègbè inú ìpínlẹ̀) tí ẹjọ́ wà. California, oṣù 6 àti oṣù 3. Rhode Island, ọdún 1. Massachusetts náà ọdún 1, àfi bí ohun tó dá ìjà sílẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Nevada ní tirẹ̀, ọ̀sẹ̀ 6.

Ó yá, mú ẹni méjì tó ṣègbéyàwó ní Massachusetts lẹ́yìn ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2004 tí ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fún wọn ní ìwé. Iṣẹ́ gbé wọn lọ sí Dallas. Ilé wọn kò tòrò mọ́. Massachusetts ní ẹ kì í ṣe ará ibí mọ́. Texas, tó ti kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní 2005 pé ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni ìgbéyàwó, ní òun kò rí ìgbéyàwó kankan tí òun máa tú. Níbi tí wọ́n ti ṣe é, wọn kì í ṣe ará ibẹ̀. Níbi tí wọ́n ti di ará ibẹ̀, wọn kò ṣe é rárá. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn há sí fún ọdún 11.

Òfin gbígbé ibẹ̀ yìí, gbogbo èèyàn ló kàn, tọkọtaya tó jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin náà wà lábẹ́ rẹ̀. Kì í kàn dùn wọ́n ni, torí ibi yòówù kí wọ́n kó lọ, kóòtù ibẹ̀ á gbà pé wọ́n ti ṣègbéyàwó.

———

Ọmọ_Maryland

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sọ ọ́ bíi pé gbogbo ìpínlẹ̀ ló ṣe bíi Texas. Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Wyoming ni kẹ́ ẹ wò. Òfin Wyoming sọ ní kedere pé ọkùnrin àti obìnrin ni ìgbéyàwó. Obìnrin méjì tó ṣègbéyàwó ní Kánádà ní 2008 pe ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ níbẹ̀. Adájọ́ kékeré lé wọn jáde. Ní oṣù kẹfà 2011, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ dá wọn padà sílé ẹjọ́ (ẹjọ́ Christiansen): gbígbà pé ìgbéyàwó kan wà kí a lè tú u ká kò túmọ̀ sí pé a fọwọ́ sí irú rẹ̀ níbí. Àwọn tó fẹ́ jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n dúró níwájú wa, wọn kò ní ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó kankan.

Maryland tún tẹ̀ lé e. Ẹjọ́ Port àti Cowan, ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún 2012. California ni wọ́n ti ṣe é ní 2008, adájọ́ Prince George's County (ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Maryland, ẹ mọ bí àwa Yorùbá ṣe pọ̀ níbẹ̀ tó) kọ̀ jálẹ̀ ní 2010. Àwọn adájọ́ 7 tó wà lókè fohùn ṣọ̀kan pé kó tú u ká, bẹ́ẹ̀ Maryland fúnra rẹ̀ kò tíì máa fún irú wọn ní ìwé nígbà yẹn. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2013 ló bẹ̀rẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbà á ni pé àṣà àtijọ́ ni níbẹ̀ láti gba ìgbéyàwó tó bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é. Láti 1916 ni wọ́n ti gba ìgbéyàwó ọkùnrin kan àti ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ tó jẹ́ obìnrin, torí pé Rhode Island tí wọ́n ti ṣe é fàyè gbà á fún àwọn Júù.

———

Akọ̀wé_Kóòtù

O ṣeun tí o dárúkọ Rhode Island, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ jù. Ilẹ̀ tó gba àwọn Júù láyè kí ọkùnrin fẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀, òun ni kò gba ìwé ìgbéyàwó Massachusetts, aládùúgbò rẹ̀. Obìnrin méjì, ará Rhode Island, ṣègbéyàwó ní Massachusetts ní 2004. Ní oṣù kejìlá 2007 (ẹjọ́ Chambers àti Ormiston), adájọ́ 3 borí 2 nílé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Rhode Island: kóòtù ìdílé kò ní agbára láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ohun tí wọ́n gbára lé ni pé ọdún 1961 ni wọ́n ṣe òfin tó dá kóòtù náà sílẹ̀, wọ́n sì lọ ṣí ìwé atúmọ̀ èdè ìgbà yẹn wò láti mọ ohun tí àwọn aṣòfin ní lọ́kàn. Àwọn obìnrin wọ̀nyí kò kúrò nílé rí. Massachusetts kò lè gbà wọ́n, àfi kí ọ̀kan lọ gbé ibẹ̀ fún ọdún kan gbáko.

Texas wá ṣe tirẹ̀ ní àrà ọ̀tọ̀. Adájọ́ kan ní Dallas gbà ní 2009 láti gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin méjì tí ìwé ẹjọ́ ń pè ní J.B. àti H.B. Agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ wọ inú ẹjọ́ tí kò sẹ́ni tó pè é sí, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì yí i padà ní oṣù kẹjọ 2010. Ní Austin, adájọ́ mìíràn tú ti obìnrin méjì ká ní oṣù kejì 2010. Ọjọ́ kejì ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré wọlé láti dí i lọ́wọ́. Ẹjọ́ yẹn (Naylor) gbé ọdún 5 nílẹ̀, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Texas fi sọ ní ọjọ́ 19 oṣù kẹfà 2015 pé ìjọba ti pẹ́ jù. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí Obergefell jáde. Àkíyèsí mi ni pé wọn kò dáhùn ìbéèrè náà rárá; wọ́n gba ẹ̀yìn ilé lọ.

Ìjọba Texas máa ń sọ pé ọ̀nà mìíràn wà: kí wọ́n pe ẹjọ́ kí kóòtù kéde pé ìgbéyàwó náà kò fìgbà kan wà. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ìkan náà ni. Ìyàtọ̀ wọn pọ̀. Bí ìgbéyàwó kò bá fìgbà kan wà, kò sí dúkìá àjùmọ̀ní tí a máa pín. Ilé tó wà lórúkọ ẹnì kan, tirẹ̀ nìkan ni, bí ẹnìkejì tilẹ̀ san ìdajì owó báǹkì fún ọdún 10. Owó ìtọ́jú lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó lówó ló máa ń fẹ́ ọ̀nà yìí.

———

Ìyá_Houston

Ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ owó ìjọba àpapọ̀. Òfin DOMA tí Clinton buwọ́ lù ní oṣù kẹsàn-án 1996 ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan ní ìpínlẹ̀ kò ní láti gba ìgbéyàwó ìpínlẹ̀ mìíràn. Èkejì ní ìjọba àpapọ̀ kò gbà á rárá. Èyí èkejì ló ń pa àpò wọn. Ẹni tó bá rí kóòtù tó tú u ká pàápàá, bí ó bá fi ìpín ilé sílẹ̀ fún ẹnìkejì, ilé iṣẹ́ owó orí kò ní wò ó bíi pípín dúkìá láàárín tọkọtaya, èyí tí kì í ní owó orí. Bí kóòtù bá ní kí wọ́n pín owó ìfẹ̀yìntì iléeṣẹ́, ẹni tó ń tọ́jú owó náà lè kọ̀, torí òfin ìjọba àpapọ̀ ló ń darí rẹ̀.

Ẹjọ́ Windsor ló wó ẹsẹ̀ yẹn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹfà 2013. Ìyàwó Edith Windsor, ẹni tó pe ẹjọ́ náà, tí wọ́n jọ ṣègbéyàwó ní Toronto ní 2007, kú ní 2009, ìjọba sì gba $363,053 owó orí lọ́wọ́ Edith lórí ogún tí ọkọ tàbí aya kò ní san nǹkan kan lé lórí.

Ẹ jẹ́ mọ̀ pé 2013 kò tán an. Ilé iṣẹ́ owó orí ní òun máa wo ibi tí wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Social Security (iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀) ní tirẹ̀ ń wo ibi tí wọ́n ń gbé. Láàárín ọdún méjì yẹn, ẹnì kan ní Houston jẹ́ ìyàwó ilé níwájú ọ́fíìsì kan, ó sì jẹ́ àpọ́n níwájú èkejì.

———

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, mo ti ń rí i. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá. Orí kẹrin òfin ìpìlẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bọ̀wọ̀ fún ìwé àti ìdájọ́ ìpínlẹ̀ yòókù. Kí ló dé tí wọn kò fi gba ibẹ̀ já a?

———

Akọ̀wé_Kóòtù

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nìyẹn, òun gan-an ló sì ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ìdájọ́ kóòtù àti ìwé ìgbéyàwó kì í ṣe ẹgbẹ́.

Ìdájọ́ tí kóòtù tó ní agbára bá ti dá, ìpínlẹ̀ yòókù gbọ́dọ̀ gbà á, bó wù kó bí wọn nínú tó. Ní 1908, nínú ẹjọ́ Fauntleroy àti Lum, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fipá mú Mississippi láti gba ìdájọ́ Missouri lórí gbèsè tẹ́tẹ́ iye owó òwú tí wọ́n ta ní Mississippi fúnra rẹ̀, níbi tí òfin ti ka irú tẹ́tẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Missouri tilẹ̀ ṣi òfin Mississippi kà. Ilé ẹjọ́ náà ní ìyẹn kò yí nǹkan kan padà.

Ìwé ìgbéyàwó ńkọ́? Akọ̀wé ló kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó jiyàn, kò sí adájọ́ tó gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ ti ń kọ ìgbéyàwó ìbátan tó sún mọ́ ara wọn tàbí ti ọmọdé láti ibòmíràn, tí wọ́n ń ní ó tako ìlànà àwọn. Obergefell kò gba orí kẹrin lọ rárá. Àtúnṣe kẹrìnlá ló gbà: ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn àti ìdọ́gba níwájú òfin. Ìbéèrè kejì nínú ẹjọ́ náà, pé ṣé Ohio gbọ́dọ̀ gba ìgbéyàwó tí Jim Obergefell ṣe nínú ọkọ̀ òfuurufú ní pápákọ̀ Maryland ní oṣù keje 2013, kí orúkọ rẹ̀ lè wà lórí ìwé ikú ọkọ rẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n gbà dáhùn ún.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ pé kí ẹni tó ní nǹkan tó máa dùn ún gba ìdájọ́ mọ́wọ́. Ìwé nìkan kò tó.

———

Ọmọ_Maryland

Níbi ọ̀rọ̀ ọmọ ni èyí ti hàn jù, ẹ̀gbọ́n. Obìnrin kan gba àwọn ọmọ ẹnìkejì rẹ̀ tọ́ ní kóòtù Georgia ní 2007. Wọ́n padà sí Alabama, wọ́n túká, Alabama ní Georgia kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fún un ní àwọn ọmọ náà. Oṣù kẹta 2016, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dojú ìyẹn dé láìpe àwọn lọ́yà wá rojọ́ pàápàá (V.L. àti E.L.). Ìdájọ́ ni, ó parí.

Ẹ wá fi wé Idaho ní 2021. Obìnrin méjì tí wọ́n ti ṣègbéyàwó gba àtọ̀ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́, wọ́n ṣe é fúnra wọn nílé. Òfin Idaho ní dókítà ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Nígbà tí wọ́n ń kọ ara wọn, ilé ẹjọ́ ní ẹni tí kò bí ọmọ náà kì í ṣe òbí rẹ̀. Ìgbéyàwó rẹ̀ kò gbà á là.

———

Olùbéèrè

Ṣé 2017 kọ́ ni ẹjọ́ Pavan sọ pé kí Arkansas fi orúkọ ìyá méjèèjì sórí ìwé ẹ̀rí ìbí?

———

Ọmọ_Maryland

Òun ni. Ìwé ẹ̀rí ìbí sì ni. Ẹ tún ka ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa ìwé tí akọ̀wé kọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lè lọ jà á ní kóòtù, kì í ṣe ohun tí èèyàn lè sùn lé. Lọ́yà tó mọṣẹ́ á ní kí ẹni tí kò bí ọmọ gba ọmọ náà tọ́ ní kóòtù, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ wà lórí ìwé. Ó ń dun ọ̀pọ̀ wọn pé wọ́n ní kí wọ́n gba ọmọ ara wọn tọ́. Mo gbà pé ó ń dunni. Kí wọ́n ṣe é síbẹ̀.

Lórí ibi tí ẹjọ́ ọmọ yóò ti wáyé, ibi tí ọmọ gbé fún oṣù 6 tó ṣáájú ẹjọ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1980 kò sì gbà kí òbí gbé ọmọ sá lọ sí ìpínlẹ̀ tó máa dá a láre. Ohun tí Virginia kọ́ nìyẹn ní 2006 nínú ẹjọ́ Miller-Jenkins, nígbà tí Vermont ti kọ́kọ́ mú ẹjọ́ náà.

———

Ìyá_Houston

Ẹnì kan bi mí níkọ̀kọ̀ nípa ilé tó wà ní Èkó, mo fẹ́ dáhùn ní gbangba. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní oṣù kìíní 2014 ní ìwé ìgbéyàwó irú èyí láti ilẹ̀ òkèèrè kò jẹ́ nǹkan kan, kò sì sí kóòtù tó gbọ́dọ̀ fi gba ẹ̀tọ́ kankan fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 ló wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ìdájọ́ ìkọ̀sílẹ̀ Texas lọ sí kóòtù Ìkẹjà.

Kóòtù Amẹ́ríkà náà kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí orúkọ padà lórí ilẹ̀ tó wà ní ibòmíràn. Láti 1909 ni ẹjọ́ Fall àti Eastin ti sọ bẹ́ẹ̀, lórí ilẹ̀ Nebraska tí kóòtù ìpínlẹ̀ Washington fẹ́ pín. Ohun tó lè ṣe ni kó pàṣẹ fún ẹni tó dúró níwájú rẹ̀. Nítorí náà, kí wọ́n díye lé ilé Èkó, kí ẹni tó ń mú un lọ fi iye yẹn sílẹ̀ nínú ohun tó wà ní Amẹ́ríkà: owó báǹkì, ilé Houston, owó ìfẹ̀yìntì.

———

Akọ̀wé_Kóòtù

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè àbúrò: kí ló kù báyìí?

Èyí tó ń mú àwọn ènìyàn jù ni ìwé àtijọ́ tí wọ́n ti gbàgbé. Kí ìgbéyàwó tó dé, Vermont bẹ̀rẹ̀ civil union (àjọṣe tó ní ẹ̀tọ́ bíi ti ìgbéyàwó, ṣùgbọ́n tí wọn kò pè ní ìgbéyàwó) ní oṣù keje 2000, California ní domestic partnership, ìforúkọsílẹ̀ tó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ lọ sí Vermont lọ́jọ́ ìsinmi, wọ́n buwọ́ lùwé, wọ́n padà sílé níbi tí kò ti já mọ́ nǹkan kan, wọ́n túká láìlọ sí kóòtù, oníkálukú lọ fẹ́ ẹlòmíràn. Ní 2012, Massachusetts (Elia-Warnken àti Elia) ní ìgbéyàwó tí ẹnì kan ṣe nígbà tí civil union rẹ̀ ti Vermont ṣì wà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ ìyàwó méjì ni wọ́n ṣe kà á. Ní Washington, ìpínlẹ̀ tó wà ní ìwọ̀ oòrùn, ọjọ́ 30 oṣù kẹfà 2014 ni òfin fúnra rẹ̀ sọ domestic partnership di ìgbéyàwó, àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá ti pé ọdún 62. Àwọn kan ti di ìyàwó ilé, wọn kò mọ̀. Connecticut ti ṣe irú rẹ̀ ní 2010. Vermont kò ṣe é.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí lọ́yà yẹ kó bi ẹni tó wọlé sí i nìyí: gbogbo ìwé tí o ti buwọ́ lù pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, ní ìpínlẹ̀ yòówù, ọdún wo? Kí ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ dárúkọ gbogbo rẹ̀, ìgbéyàwó àti civil union, kí ìdájọ́ sì tú wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí adájọ́ bá ní òun kò mọ civil union, torí ìgbéyàwó ni Obergefell sọ̀rọ̀ lé lórí, kí wọ́n padà síbi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó forúkọ sílẹ̀ ní California ti fọwọ́ sí i pé kóòtù ibẹ̀ lágbára lórí òun, bí ó tilẹ̀ ti kúrò. Vermont ń gbà á lọ́wọ́ àwọn tí kò gbé ibẹ̀ bí kò bá sí ọmọ kékeré, tí àwọn méjèèjì sì ti fẹnu kò.

Òfin 2022 tí o ń sọ, ọjọ́ 13 oṣù kejìlá ni wọ́n buwọ́ lù ú. Ó pa DOMA rẹ́, ó sì ní ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìgbéyàwó tó bófin mu níbi tí wọ́n ti ṣe é. Kò ní kí Texas máa fún ẹnikẹ́ni ní ìwé. Bí Obergefell bá wó lọ́la, gbólóhùn 2005 tó ṣì wà nínú òfin ìpìlẹ̀ Texas yóò tún jí, ṣùgbọ́n Texas á ṣì ní láti gba ìwé Massachusetts, kóòtù rẹ̀ kò sì ní lè sọ mọ́ pé òun kò rí ohun tí òun máa tú. Ní oṣù kọkànlá 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kọ̀ láti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ Kim Davis, akọ̀wé Kentucky tó lọ sẹ́wọ̀n ní 2015, tó fẹ́ kí wọ́n yí Obergefell padà. Ìyẹn wà bẹ́ẹ̀ fún ìsinsìnyí.

———

Ìyá_Houston

Èyí tó kù ni ọjọ́. Àwọn méjì tó ti ń gbé pọ̀ láti 1995, tí Texas kò jẹ́ kí wọ́n ṣègbéyàwó títí di 2015: ọdún mélòó ni ìgbéyàwó wọn? Ẹni tó lówó á ní láti 2015. Èkejì á ní láti 1995. Àwọn kóòtù kò fẹnu kò. Ní Pennsylvania ní 2017 (ogún Carter), kóòtù gbà pé ọkùnrin méjì ti di tọkọtaya nípa àjọgbé àti àdéhùn ṣáájú 2005 tí ìpínlẹ̀ náà fòpin sí irú ìgbéyàwó aláìníwèé bẹ́ẹ̀. Texas ṣì ń gba irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rí gbọ́dọ̀ wà: kí wọ́n ti fẹnu kò pé tọkọtaya làwọn, kí wọ́n jọ gbé ní Texas, kí wọ́n sì máa pe ara wọn bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn. Ìwé owó orí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ "àpọ́n" sí ló máa ń ba irú ẹjọ́ yìí jẹ́ jù.

Àwọn tí ìgbéyàwó wọn kò tíì pé ọdún 10, ẹ fara balẹ̀ o. Ẹni tó bá fẹ́ gba owó Social Security lórí iṣẹ́ ẹni tó kọ̀, ìgbéyàwó náà gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 10 kí ìkọ̀sílẹ̀ tó fìdí múlẹ̀. Texas náà máa ń béèrè ọdún 10 kó tó fún ẹnì kan ní owó ìtọ́jú, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ìwà ipá nínú ilé tàbí àìlera. Ọjọ́ tí ìdájọ́ jáde ni Social Security ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pe ẹjọ́. Bí ó bá ku oṣù mẹ́ta kó pé, kí lọ́yà má sáré. Ọjọ́ 60 ni Texas fi ń dá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ dúró ná kí adájọ́ tó lè buwọ́ lù ú. Ẹ kà á mọ́ ọn.